Bí ẹ ṣe lè wọ ihò èédú Big Pit ní Wales láìjẹ́ pé wọ́n dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń pàdánù Big Pit. Wọ́n á ti Lọ́ńdọ̀nù gbéra láfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n á wa mọ́tò fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, wọ́n á gun òkè dé Blaenavon, ìlú tí ihò náà wà, wọ́n á ya fọ́tò lábẹ́ òpó irin gíga tó gbé kẹ̀kẹ́ lórí, wọ́n á sì padà sílé láìfi ẹsẹ̀ kan ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Àwọn kan pẹ́ dé. Àwọn kan gbé ọmọ tí kò tíì ga tó dání. Àwọn mìíràn gbọ́ pé kí àwọn fi fóònù sílẹ̀, wọ́n sì bínú kúrò lórí ìlà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kó ẹbí mi lọ, bọ́ọ̀sì kékeré tí a háyà pẹ́ dé, ìgbà tí a sì gúnlẹ̀, àwọn tó wọlé kẹ́yìn ti ń bọ́ akoto lórí. Ìyá mi tó ti Ìbàdàn wá kí wa dúró, ó ń wo okùn irin tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, kò wí nǹkan kan. Ó dùn mí wọ egungun. Láti ìgbà náà, mo ti kó ẹbí àti ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò sì sí èyí tí a padà lẹ́nu ọ̀nà nínú wọn. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Kí ẹ kàn mọ ibi tí ẹ ń lọ: ihò èédú gidi ni. Wọ́n ṣíwọ́ wíwa èédú níbẹ̀ ní 1980, wọ́n sì ṣí i fún àlejò ní 1983. Mítà 90 ni ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, inú àgò irin tó ń gbé àwọn awakùsà lọ síbi iṣẹ́ ni ẹ ó sì wọ̀. Amọ̀nà ló máa mú yín wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti fi ọwọ́ ara wọn wa èédú rí.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

Ààyè tí ẹ ti gbà sílẹ̀, pẹ̀lú aago tí wọ́n yàn fún yín.

Bàtà tó bo ẹsẹ̀ látòkè délẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú. Sálúbàtà kò wúlò, gogoro kò wúlò.

Aṣọ òtútù, àní nínú oṣù Kẹjọ. Orí òkè ni ibẹ̀ wà, atẹ́gùn ibẹ̀ ò sì mọ ọlọ́jọ́ orí. Nísàlẹ̀ náà tutù.

Ṣòkòtò fún tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n máa di bẹ́líìtì tó wúwo mọ́ yín ní ìbàdí, ìró á máa tú lábẹ́ rẹ̀ ni. Ìyá àgbà tí kò bá wọ ṣòkòtò lè wọ síkẹ́ẹ̀tì tí kò wọ́lẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn.

Irun tó jókòó pẹlẹbẹ sí orí. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í rántí èyí. Ṣùkú tí wọ́n kó jọ sí àtàrí kì í jẹ́ kí akoto jókòó, gèlè náà kì í jẹ́. Kòlẹ́sẹ̀ ló bá ọjọ́ náà mu jù, tàbí irun tí ẹ dì sẹ́yìn sí ìpàkọ́, kí ẹ fi fìlà tín-ínrín bò ó bí ẹ bá fẹ́.

Ọ̀rá ńlá kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpele kẹrin.

Okùn ìwọ̀n, èyí tí télọ̀ ń lò. Ilé ni ẹ ti máa lò ó.

ÌPELE 1: Ẹ GBA ÀÀYÈ SÍLẸ̀, KÍ Ẹ SÌ MÚ ÀÁRỌ̀

Ẹ lọ sí ìkànnì àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Wales, museum.wales, kí ẹ wá Big Pit níbẹ̀. Ẹ óò rí orúkọ mìíràn lára àmì ojú ọ̀nà wọn, Pwll Mawr. Èdè Welsh ni, ibì kan náà sì ni.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé rèé. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ ọgbà wọn lókè, nítorí náà àwọn èèyàn máa ń rò pé kò sí ohun tí wọ́n ní láti ṣe ju kí wọ́n lọ. Ìrìn abẹ́ ilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Iye èèyàn tó lè wọ àgò lẹ́ẹ̀kan níwọ̀n, nítorí náà aago ni wọ́n fi ń pín in. Lójú ìkànnì náà, ẹ wo iye owó ìrìn abẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, àti ti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ wò bóyá àtúnṣe ẹ̀rọ wà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, pàápàá nígbà òtútù, nítorí bí àgò ò bá ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó máa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ mú aago àárọ̀, nǹkan bí 11:00 tàbí 11:30. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá yín dúró, ẹ ṣì lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún yín síwájú. Ẹni tó bá mú ìrìn ìkẹyìn kò ní ibi tí wọ́n lè sún un sí.

Ẹ ti ṣe é dáadáa bí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín bá ní ọjọ́, aago, àti iye èèyàn, tí iye èèyàn náà sì ka àwọn ọmọ mọ́ ọn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

ÌPELE 2: Ẹ WO ARA ẸNI KỌ̀Ọ̀KAN NÍLÉ

Ọmọ tí kò bá ga tó mítà 1 kò ní wọlé, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè yí i padà. Kì í ṣe ìkà. Bẹ́líìtì àti ohun tó so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ lè dúró lára ọmọ náà. Ẹ bọ́ bàtà rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ fi okùn ìwọ̀n wò ó. Bó bá kù díẹ̀ kó pé mítà 1, kò tíì pé nìyẹn. Ẹ má fi bàtà gíga tan ara yín jẹ, ojú ọmọ ni ọ̀rọ̀ náà máa bà jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ ọwọ́ kò lè wọlé, ì báà jẹ́ pé ẹ pọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ gba aago méjì tó yàtọ̀ síra: kí bàbá wọlé lákọ̀ọ́kọ́, kí ìyá dúró ti ọmọ lókè, kí wọ́n sì pààrọ̀ lẹ́yìn náà. Mo ti rí tọkọtaya tó gba aago kan ṣoṣo, tí ìyá ọmọ wá jókòó sí ilé oúnjẹ títí ó fi tó àkókò àtilọ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn àgbà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni ìrìn náà ń gbà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò tẹ́jú, àwọn ibì kan sì wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ba. Àgbà tó bá lè rìn lọ sọ́jà kó sì rìn padà lè ṣe é. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ lókè nítorí pé ẹ̀ ń ṣàánú wọn. Àwọn gan-an ni wọ́n máa ń gbádùn rẹ̀ jù.

Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ̀rọ inú àyà, tàbí ẹ̀rọ àtọ̀gbẹ tó so mọ́ ara, kó pe ilé náà lórí fóònù kó tó gba ààyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ẹni tó lóyún, ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà, àti ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ti yọ ọ̀pọ̀ nínú ìtìjú.

Bí ẹ bá lè ka orúkọ gbogbo ẹni tó ń lọ, kí ẹ sì sọ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan pé “ó ń wọlé” tàbí “ó ń dúró lókè, lágbájá ló sì máa dúró tì í,” ẹ ti parí ìpele yìí.

ÌPELE 3: Ẹ RÌN DÉBẸ̀

Ẹni tó ń wa mọ́tò láti Lọ́ńdọ̀nù máa gba M4, á kọjá lórí afárá odò Severn tí wọ́n ń pè ní Prince of Wales Bridge, á sọ̀ kalẹ̀ ní oríta 25A, á gba A4042 lọ sí Pontypool, kó tó wá bọ́ sí A4043 lọ sí Blaenavon. Wọn kì í gba owó lórí afárá náà mọ́ láti oṣù Kejìlá 2018, nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣílè.

Àwọn awakọ̀ wa, ẹ fetí sílẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, 20 máìlì láàárín wákàtí kan ni òfin Wales fi sí ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà inú ìlú, níbi tí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Kent lè ti gbà yín láyè 30. Kámẹ́rà wà. Bí ẹ bá rí ARAF tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú títì, “ẹ rọra” ló ń wí. Ẹ rọra lóòótọ́, nítorí àwọn àgùntàn orí òkè náà kì í wo ọ̀tún wo òsì kí wọ́n tó sọdá.

Ẹni tó bá wọ rélùwéè, láti Paddington lọ sí Newport kò pé wákàtí méjì bí ọkọ̀ ọ̀hún bá ń yára. Láti Newport, bọ́ọ̀sì ń lọ sí Blaenavon. Inú ìlú ni bọ́ọ̀sì máa já yín sí, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ gun òkè díẹ̀ kí ẹ tó dé ihò. Ẹ wo aago bọ́ọ̀sì tó ń padà kí ẹ tó kúrò nílé, pàápàá lọ́jọ́ Àìkú. Rélùwéè oníná èédú kan wà ní Blaenavon lọ́wọ́ àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, Pontypool and Blaenavon Railway ni wọ́n ń pè é, kì í dé Pontypool, ó sì ní ibùdókọ̀ létí Big Pit, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń rìn. Ẹ gbádùn rẹ̀ bí ẹ bá bá a, ẹ má fi ìrìnàjò yín rọ̀ mọ́ ọn.

Ó ti bọ́ sí i bí ẹ bá wà nínú ọgbà wọn pẹ̀lú ìṣẹ́jú 30 ṣáájú aago yín, tí gbogbo èèyàn sì ti lọ sí ilé ìtura.

ÌPELE 4: Ẹ TÚ ÀPÒ

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti farabalẹ̀ jù.

Èédú máa ń tú gáàsì kan jáde tí a kì í rí, tí a kì í gbóòórùn rẹ̀. Bí gáàsì náà bá pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́, ìtapàrà iná kékeré tó bọ́ lára bátìrì lè mú un gbiná. Irú rẹ̀ ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakùsà ní Wales. Wọn kì í wa èédú ní Big Pit mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ihò èédú ṣì ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ní bátìrì, àti ohunkóhun tó lè dáná, kò gbọ́dọ̀ wọlé.

Fóònù nìkan ló máa ń sọ sí àwọn èèyàn lọ́kàn. Ẹ wo àwọn tó kù: aago ọwọ́ tó ń lo bátìrì, ì báà jẹ́ aago àtijọ́. Ohun tí a ń kì bọ etí láti gbọ́ orin. Kámẹ́rà. Pawa báǹkì. Sìgá olómi. Láítà, ìṣáná, sìgá. Bàtà ọmọdé tó ń tan iná bó bá ti ń rìn. Ẹ̀rọ kékeré orí ìka tí àwọn mùsùlùmí fi ń ka tẹ̀sùbáà. Àti èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn: kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó ní bọ́tìnnì.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Èèyàn á fi fóònù gbogbo ilé sínú mọ́tò, á tì í pa, á wá fi kọ́kọ́rọ́ sápò, á ní òun ti ṣe tán. Bátìrì ló wà nínú kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Nígbà kejì tí mo mú ìyá mi lọ, a ti fẹ́ wọ àgò nígbà tí mo gbọ́ ohun kan tó ń ró nínú kóòtù rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi wọ àpò inú. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi ni. Òun ló ní kí n gbé e fún òun ní ibi ìgbọ́kọ̀sí nítorí kó má bàa bọ́, ó sì fi sí ibi tó fi ń pa owó mọ́. Mo sáré padà lọ kó o sílẹ̀, àwọn tó kù sì dúró dè mí. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń tú àpò gbogbo èèyàn, àgbà ìbáà ṣe.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ dúró yíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ẹ gbé ọ̀rá sílẹ̀ láàárín. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan da ohun àpò rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹnì kan sì máa kà á sókè: “Fóònù mẹ́rin, aago méjì, kọ́kọ́rọ́ kan.” Ẹ kọ iye náà sórí bébà. Ẹ kó ọ̀rá náà dání lọ síbi tí òṣìṣẹ́ wọn ti ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gbogbo àpò ara rẹ̀: tiwájú, tẹ̀yìn, ti inú kóòtù. Bí ohunkóhun bá le lábẹ́ ọwọ́, ẹ yọ ọ́ wò.

ÌPELE 5: Ẹ DI ÌHÁMỌ́RA

Wọ́n máa fún yín ní akoto, iná tí wọ́n ń fi há akoto níwájú, bẹ́líìtì, bátìrì iná náà (irú èyí tí wọ́n ṣe fún ihò èédú), àti àpótí irin kékeré kan tó lè ran yín lọ́wọ́ láti mí bí afẹ́fẹ́ bá bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ tó kílò 5.

Àwọn èèyàn sábà máa ń di bẹ́líìtì yìí mọ́ ikùn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí egungun ìbàdí, níbi tí ìyá máa ń gbà bí ó bá fẹ́ fún ọ̀já mọ́ra, kí ẹ sì fà á le. Kí okùn iná gba ẹ̀yìn yín sọ̀ kalẹ̀, kó má gba iwájú, nítorí ọwọ́ á máa kọ́ ọ.

Bí amọ̀nà bá ń ṣàlàyé àpótí irin náà, ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ tó tú u fún ìyá àgbà ní Yorùbá. Kò sí amọ̀nà tó kọ̀ fún mi rí bí mo bá ní kó dúró kí n túmọ̀.

Ẹ mi orí sọ́tùn-ún, sósì, ẹ tẹrí ba. Bí akoto ò bá yẹ̀, ó ti wọlé. Ẹ fò díẹ̀. Bí bẹ́líìtì ò bá já wálẹ̀, ẹ lè tẹ̀lé amọ̀nà.

ÌPELE 6: ÀGÒ

Ẹ kó àwọn ọmọdé sí àárín, kí àwọn àgbà yí wọn ká. Kí ọwọ́ gbogbo èèyàn wà nínú. Àgò náà máa ń mì, irin á máa han, omi lè kán sí yín lọ́rùn, ojú ọjọ́ á sì máa kéré lókè orí yín. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún pé omi máa kán kì í sunkún bó bá kán, ẹ̀rín ló máa ń rín.

Bí àyà ẹnikẹ́ni bá ń já, kó sọ ọ́ kí àgò tó gbéra. Lẹ́yìn tó bá ti gbéra, ó di ìsàlẹ̀.

ÌPELE 7: NÍSÀLẸ̀

Bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹ ka ara yín.

Irin ojú ọ̀nà wà nílẹ̀, igi àti irin wà lókè. Ibi tí ẹ bá kọjú sí ni iná orí yín ń tàn sí, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ wo àyà rẹ̀, ẹ má wo ojú rẹ̀, kí iná má bàa fọ́ ọ lójú. Ẹni tó bá ga, kó wà lẹ́yìn ẹni tó kúrú. Bí ẹni iwájú bá tẹ̀ba, kó tètè mọ̀.

Ẹ óò bá àwọn ìlẹ̀kùn ńlá pàdé. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń darí. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, atẹ́gùn rere á gba ọ̀nà tó kúrú jù padà sókè, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níwájú. Láyé àtijọ́, ọmọdé ló ń jókòó ti irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ láti ṣí i àti láti tì í, kí òfin 1842 tó fi dè é pé obìnrin kankan, àti ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 10, kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni amọ̀nà sábà máa ń ní kí gbogbo èèyàn pa iná orí wọn. Ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú ṣáájú, nítorí ẹ kò ní rí ọwọ́ náà mọ́. Òkùnkùn ibẹ̀ kì í mọ́ra bí ti òru ilé. Ẹ gbé ọwọ́ síwájú ojú, ẹ mì í, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Mọ́mì, ta ló wà pẹ̀lú ọmọ yẹn?” Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Ẹ óò dé ilé àwọn ẹṣin tó ń fa èédú lábẹ́ ilẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka orúkọ àwọn ẹṣin náà.

Bí Gẹ̀ẹ́sì amọ̀nà bá ṣòro láti gbọ́, nítorí ohùn Wales ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ẹ ní kó tún un sọ. Ẹ bi í ní ìbéèrè. Bàbá ọkọ mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ ní Ọ̀fà, sọ fún amọ̀nà wa pé èédú Enugu làwọn ń jù sínú iná ọkọ̀. Ó tún sọ ti awakùsà 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Iva Valley ní oṣù Kọkànlá 1949. Amọ̀nà náà dúró, ó ṣí akoto rẹ̀, ó bọ bàbá lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má fi àwọn àgbà sílẹ̀ lókè.

Kí ẹ tó padà wọ àgò, ẹ tún ka ara yín.

ÌPELE 8: LÓKÈ PADÀ

Ẹ bọ́ ìhámọ́ra, ẹ dá a padà, ẹ lọ gba ọ̀rá yín. Ẹ mú bébà tí ẹ kọ iye sí jáde, kí ẹ ka ohun inú ọ̀rá náà mọ́ ọn níwájú òṣìṣẹ́, kì í ṣe ní ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ẹ má tíì lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ó ti parí níbẹ̀, wọ́n á sì fi ilé ìwẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún àwọn awakùsà ní 1939 sílẹ̀ láìwò. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, pẹ̀lú èédú lára ni ọkùnrin ń wọlé tọ ìyàwó rẹ̀, òun ló sì ń gbé omi gbígbóná kaná. Ẹ wọ ibẹ̀, ẹ wo àpótí aṣọ wọn tó tò lọ bẹẹrẹ. Ilé oúnjẹ wà nítòsí. Bí ẹ bá gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá nínú kúlà, inú mọ́tò ni ó ti máa dára jù láti jẹ ẹ́, nítorí atẹ́gùn òkè yẹn lè gbé àwo lọ.

Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì, kó dìde ní ìṣẹ́jú 40 ṣáájú aago bọ́ọ̀sì rẹ̀. Àwọn tó gbé mọ́tò wá, kí wọ́n fún awakọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, kí wọ́n má tún fi sí kóòtù ẹnikẹ́ni.